Obìnrin Tó Yíìká Lórí Tẹlifíṣàn

Fídíò yẹn ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti wò ó kí n tó gbé e lọ bá Sájẹ́ǹtì Rúùtù, gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kí n rí nìkan ni mo sì rí.

Obìnrin kan ló jókòó sílẹ̀ níta, ó kẹ̀yìn sí wa, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ká sábẹ́ ẹ̀ bí okùn tó ti gbó. Ohùn kan ń sọ pé Dámisí lorúkọ ẹ̀, ará Ìkòyí-Ilé, pé láti ọmọ ọdún méjì ni ò ti lè dìde mọ́. Wọ́n gé e níbẹ̀. Nígbà tó tún yọ, inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti rí i. Àpọ́sítélì David nawọ́ sí i, ariwo sọ, obìnrin dìde, ó rìn, ó sáré, ó gba máíkì. Ó ní ewúrẹ́ kan ṣoṣo tóun ní lòun fi ṣe irúgbìn. Ó wá wólẹ̀ dúpẹ́ níwájú Àpọ́sítélì, tí ìyẹn jókòó sórí àga kan tó tóbi ju ti ọba lọ. Àpọ́sítélì wojú kámẹ́rà, ó ní: "Ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn nílé yín, ẹ gbé e wá lọ́jọ́bọ̀. Ẹ mú ohun tó ń bọ́ yín dání. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ kan ibi tí Olúwa fẹ́ fọwọ́ kàn."

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yẹn ló bà mí nínú jẹ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, Moyinolúwa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló wà ní ọsibítù nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Egungun ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ń jẹrà láti inú. Dókítà Mubaraq ti sọ fún wa pé lọ́jọ́bọ̀ lòun máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, òun á kó ìdọ̀tí inú egungun kúrò. Ó ní bó bá fi lè kọjá ọ̀sẹ̀ yìí, kì í ṣe ìdọ̀tí lòun máa gé mọ́, ẹsẹ̀ ni.

Ìyá ẹ̀, Ẹ́sítà ọmọ mi, ti wo fídíò náà. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́rú lòun á gbé ọmọ òun kúrò. Òun á gbé máṣíìnì ìránṣọ òun lọ fi ṣe irúgbìn.

Mo ní, "Ẹ́sítà, dókítà ní—"

Ó ní, "Bàbá, orí tábìlì dókítà ni bàbá Moyin kú sí. Ẹ ti gbàgbé ni?"

Mi ò gbàgbé. Ọjọ́ ajé lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

*

Ẹni tí ò bá mọ Sájẹ́ǹtì Rúùtù, á rò pé ìyá arúgbó lásán ni. Ó ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún márùndínlógójì, ó fẹ̀yìn tì, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sọ́ńdè Sukúù ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa. Kí ọmọ tó jí bisikíìtì ẹnìkejì tó gbé e mì, ó ti mọ̀.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ti gíláàsì ẹ̀ sókè. Ó wò ó tán. Ó dá a padà síbi tí obìnrin yẹn ti wólẹ̀, ó tún wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kì í dé eyín.

"Bàbá Ṣògo, kí lẹ rí?"

"Arọ tó rìn."

"Ẹ wakọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ fún ogójì ọdún, ṣé ojú yẹn náà lẹ fi ń wo títì?"

"Sájẹ́ǹtì, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi."

"Rárá. Tí mo bá ṣì í rí, ọmọ yín ló máa forí fá a. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ara mi lójú." Ó dá fóònù padà. "Ẹ rántí arọ ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, èyí tí Pétérù gbé dìde? Kí ló jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè jiyàn ẹ̀?"

Mo ní agbára Ọlọ́run ni.

"Agbára Ọlọ́run ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni gbogbo ìlú ń rí i níbẹ̀ tó ń ṣagbe. Aládùúgbò ẹ̀ pọ̀. Pétérù náà sì ti kọ́kọ́ sọ fún un pé òun ò lówó lọ́wọ́, kò béèrè tiẹ̀. Ẹ lọ wa mọ́tò yín wá lówùúrọ̀ ọ̀la, ká lọ wá aládùúgbò Dámisí."

*

Ọkùnrin kan la kọ́kọ́ bá ní àbáwọlé ìlú Ìkòyí-Ilé, ó ń gé igi. A kí i, a bi í.

"Dámisí? Dámisí tó yarọ? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ilé wa ò jìnnà síra."

Ohun tí mo ti rò lọ́kàn ni pé wọn ò ní mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé láti kékeré ni?" Sájẹ́ǹtì bi í.

"Láti kékeré. Mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù tó kọjá, ewúrẹ́ ẹ̀ náà bá a lọ. Èmi ti lọ sóko ọ̀nà jíjìn, àná ni mo dé. Wọ́n fi fóònù hàn mí nínú mọ́tò, ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni mo rí kí fóònù náà tó kú, wọ́n ní kò pẹ́ tó dìde. Ó ti rìn. Mo sunkún o, mi ò purọ́ fún yín, mo sunkún."

Mo wo Sájẹ́ǹtì. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, a ti kó ìtìjú bá ara wa. Dámisí wà, ó yarọ lóòótọ́, ó lọ lóòótọ́. Bóyá Ẹ́sítà ló tọ̀nà tí èmi àgbàlagbà wá ń bá Ọlọ́run jà.

Sájẹ́ǹtì ò yí ojú padà. "Ẹ ti fojú ara yín rí i látàná?"

"Rárá. Mo fẹ́ gé igi yìí tán kí n lọ bá a yọ̀ ni."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Abẹ́ igi kajú kan lẹ́yìn ilé la ti bá a. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ká sábẹ́ ẹ̀. Bàtà sílípáàsì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tó ń fọwọ́ wọ̀ tó bá fẹ́ wọ́ rìn.

Ọkùnrin agégi dúró gbagidi. "Dámisí. Wọ́n ní o ti rìn."

"Èmi náà gbọ́ bẹ́ẹ̀," ni Dámisí wí. Kò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

Sájẹ́ǹtì Rúùtù fa ìró rẹ̀ sókè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í lórí ẹní. Ó ní èèyàn kì í dúró lé ẹni tó jókòó lórí kó máa bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n ṣe fún ẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n jókòó níta, kí n kẹ̀yìn. Mo rò pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n fẹ́ gbàdúrà sí. Àdúrà ò dé. Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì, wọ́n gbé mi padà wálé."

"Ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn ò padà."

"Kí ni wọ́n sọ fún ẹ?"

Ọwọ́ ẹ̀ dúró wàyí. "Wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi kéré, Màmá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò lè jẹun. Mo ń ṣírò ẹ̀ṣẹ̀ mi látìgbà tí mo ti gbọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin mo rántí pé gbogbo arọ tí Jésù wò sàn, kò sí èyí tó béèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú wọn. Mo bá dìde… ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ ohun tí mò ń pè ní dìde… mo fọ ojú, mo jẹ ẹ̀bà."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ̀rọ̀ Moyinolúwa fún un, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, ọ̀rọ̀ máṣíìnì.

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́sàn-án."

Ó nawọ́ sí sílípáàsì ẹ̀. "Ẹ gbé mi sínú mọ́tò."

*

Mo rò pé ó ti parí. Sájẹ́ǹtì ní kò parí.

"Tá a bá gbé Dámisí lọ bá Ẹ́sítà, kí ni wọ́n máa sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn? Wọ́n á ní Dámisí mìíràn ni. Ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni wọ́n yà. Ojú tí gbogbo ayé rí, ojú obìnrin kejì ni. Òun la ń wá."

Ọ̀sán ọjọ́ ìṣẹ́gun yẹn kan náà, a dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Dámisí wà nínú mọ́tò, mo ta aṣọ sí wíńdò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Káyọ̀dé, tó ń bá wọn ya fídíò, ló jáde sí wa.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ káàsán, Bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. A fẹ́ kí Dámisí tó rìn."

"Háà, wọ́n ti lọ sí Àbújá."

"Pẹ̀lú ta?"

"Pẹ̀lú… ọkọ wọn."

"Ó tún ti lọ́kọ? Iṣẹ́ ìyanu yẹn yára o." Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo ya fídíò yẹn? Ọwọ́ ẹ dáa. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn obìnrin náà lo yà lákọ̀ọ́kọ́?"

"Oòrùn ni, Màmá. Oòrùn ò jẹ́ kí ojú wọn hàn."

"Oòrùn. Òjìji ẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, sápá ọ̀dọ̀ ẹ. Iwájú ẹ̀ loòrùn wà nìyẹn. Tó o bá ya ojú ẹ̀, á mọ́ rekete. Ìwọ lo kọjú kámẹ́rà sí oòrùn, torí kó o má ya ojú."

Káyọ̀dé yíjú. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo géètì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo níyàwó, mo lọ́mọ. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́."

"Mi ò ní bi ẹ́. Ṣùgbọ́n tọ́kàn ẹ bá ti ń dà ẹ́ láàmú, ilé mi ò jìnnà sí Sábó. Béèrè ilé Sájẹ́ǹtì."

A padà sínú mọ́tò. Mo ní, "Ó parí. Kò ní sọ ibi tí obìnrin kejì wà."

"Kò pọn dandan kó sọ ọ́. Obìnrin náà ti sọ ọ́ fúnra ẹ̀, lójú gbogbo ayé." Ó gba fóònù mi. "Ẹ wò ó. Ẹ wo bó ṣe dúpẹ́."

Mo wò. Dámisí náà na ọrùn láti ẹ̀yìn. Obìnrin yẹn fi ọwọ́ òsì kó etí ìró ẹ̀ mọ́ra, ó lọ sílẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún kanlẹ̀, ó yí, ó fi tòsì kanlẹ̀. Ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ìró ò tú. Ayọ̀ ni mo pè é láti ọjọ́ yìí wá.

"Ó yíìká," ni mo wí.

"Ó yíìká. Obìnrin tí ò dìde rí láti ọmọ ọdún méjì, ta ló kọ́ ọ? Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mókun, nǹkan tó máa dì mú ló kọ́kọ́ ń wá. Á ṣubú. Ojú ẹ̀ á rojú. Eléyìí ti ń ṣe é látìgbà ọmọdé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó máa sọ, wọn ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Àga Àpọ́sítélì ló kó wọn sí wàhálà. Ó rí ẹni tó jókòó bí ọba, ara ẹ̀ ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbo lobìnrin ti ń rí ọba lemọ́lemọ́ débi tí yíìká fi mọ́ ọn lára?"

Mo ti ń gbé èrò lọ síbẹ̀ fún ogójì ọdún. "Iwájú ààfin Ọ̀yọ́. Ọjà Akẹ̀sán."

"Ẹ ṣeun. Ẹ wá wo ọwọ́ ẹ̀ níbi tó ti gba máíkì. Àtẹ́lẹwọ́ ń bó, ìka pọ́n. Kí ló ń jẹ ọwọ́ báyẹn?"

Mo ní bóyá iṣẹ́ bíríkì. Ó ní rárá, èékánná ẹ̀ gùn.

Dámisí ló dáhùn láti ẹ̀yìn. "Omi eérú. Ìyá mi se ọṣẹ dúdú títí tó fi kú. Ọwọ́ ìyá mi gan-an nìyẹn."

Sájẹ́ǹtì yí ọrùn padà, ó wò ó. "Ó yẹ kó o ti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá."

"Olè á ti délé kí n tó wọ́ débẹ̀," ni Dámisí wí.

Ó sùn sílé Sájẹ́ǹtì lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbọ́ pé wọ́n kọrin títí.

*

Àárọ̀ ọjọ́rú, Ọjà Akẹ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ẹrù. Sájẹ́ǹtì ò fi fọ́tò han ẹnikẹ́ni. Ó ní tó o bá fi fọ́tò wá èèyàn lọ́jà, ọjà á kọ́kọ́ gbé e pamọ́ ná, wọ́n á tó wá bi ẹ́ ohun tó ṣe. Ó kàn ń rìn lọ láàárín àwọn alọ́ṣẹ dúdú, ó ń fọwọ́ kan ọṣẹ, ó ń wo ọwọ́. Ní ìsọ̀ kẹfà ó dúró.

"Ẹ kú ọjà o."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ wá ra ọṣẹ." Obìnrin náà kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ òsì ẹ̀ kó etí ìró mọ́ra. Òun ni.

Sájẹ́ǹtì ra ọṣẹ méjì. Ó san owó. Ó ní, "Orúkọ yín?"

"Marufat."

"Marufat, Dámisí ní ká kí yín."

Ojú obìnrin náà ò yí padà. "Dámisí wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ bá rìn lórí tẹlifíṣàn."

Ó wo ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ wéréwéré, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, eré ni wọ́n ní. Ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin kan wá síbí, ó ní àwọn ń ya eré ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n nílò obìnrin tó lè sọ̀rọ̀ tí ò ní máa gbọ̀n. Mùsùlùmí ni mí. Mi ò tiẹ̀ mọ orin tí wọ́n ń kọ, ẹnu lásán ni mò ń là. Ẹ̀yìn ìgbà tó jáde lórí tẹlifíṣàn ni oníbàárà mi kan sọ fún mi pé wọn ò pè é léré."

"Ẹ wá ṣe kí ni?"

"Mo dákẹ́. Mo ní kò kàn mí, ọ̀rọ̀ onígbàgbọ́ ni."

"Ẹ mọ̀ pé Dámisí wà lóòótọ́?"

"Wọ́n ní àwọn kàn sọ orúkọ yẹn ni."

Sájẹ́ǹtì ṣẹ́jú sí mi. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Dámisí sọ̀kalẹ̀. Ó fọwọ́ wọ sílípáàsì, ó ń wọ́ bọ̀ láàárín àwọn ìsọ̀, àwọn ọlọ́jà ń yà fún un. Nígbà tó dé iwájú alọ́ṣẹ, ó gbójú sókè.

"Ẹ sáré dáadáa," ló wí. "Mo wò ó. Mo ní, bí mo bá lè sáré, bí mo ṣe máa sáré gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Marufat fi ìborùn bo ojú. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó sunkún. Sájẹ́ǹtì jẹ́ kó sunkún tó ẹkún.

Ó wá ní, "Ọmọ kan wà ní ọsibítù Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ẹ̀ gba ẹsẹ̀ yín gbọ́ ju ti dókítà lọ. Ọ̀sán òní ló máa gbé e kúrò. Mi ò lè fi tipá mú yín."

Marufat nu ojú. Ó sọ fún ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì kó bá òun wo ọjà. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

*

Aago kan ti lù nígbà tá a dé ọsibítù. Máṣíìnì ìránṣọ ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá níta, dírẹ́bà ń dúró. Nínú wọ́ọ̀dù, Ẹ́sítà ti wọ bàtà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ. Òsì ò lè gba bàtà. Dókítà Mubaraq dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà ti sú u.

"Bàbá, ẹ má dá mi dúró," ni Ẹ́sítà wí.

"Mi ò dá ẹ dúró. Àlejò lo ní."

Ó gbójú sókè, ó rí Marufat. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. "Ẹ wò ó, Bàbá, ẹ wò ó. Òun nìyí. Ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ ẹ̀?"

Marufat kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, ìyá ọmọ. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi rí. Marufat lorúkọ mi, ọṣẹ ni mò ń tà l'Ákẹ̀sán. Ẹni tó ń jẹ́ Dámisí nìyí."

Mo gbé Dámisí wọlé lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moyinolúwa. Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ ẹ̀, Dámisí náà wo tiẹ̀.

"Tìẹ ṣì gún," ni Dámisí wí. "Má jẹ́ kí wọ́n fi dù ẹ́."

Ẹ́sítà jókòó. Ó wo obìnrin méjèèjì, ọ̀kan tọ̀kan. Kì í ṣe èmi ló bá sọ̀rọ̀.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé Ọlọ́run ò wo ẹnikẹ́ni sàn mọ́ ni?"

"Ó ń wò wá sàn, Ẹ́sítà. Kò tà á ni."

"Tí mo bá gbé e sórí tábìlì yẹn, tó wá… bíi ti bàbá ẹ̀…"

Dámisí di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Mi ò lè ṣèlérí fún yín. Àwọn tó ń ṣèlérí ló gba ewúrẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi ì bá ti gbé mi wá síbí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjì, tí ọ̀nà bá wà. Ọ̀nà wà fún ẹ̀yin."

Ẹ́sítà bú sẹ́kún. Ó tú okùn bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ọmọ ẹ̀, ó bọ́ ọ.

"Ọ̀la, aago mẹ́jọ," ni Dókítà Mubaraq wí. Ohùn ẹ̀ rọ̀. "Ẹ máa gbàdúrà tiyín. Èmi náà á kírun tèmi kí n tó wọlé."

Mo jáde lọ sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé kó gbé máṣíìnì padà sílé.

*

Káyọ̀dé ló kan ilẹ̀kùn Sájẹ́ǹtì lọ́jọ́ ẹtì, ó mú fídíò tí wọn ò tíì gé wá. Dámisí àti Marufat sọ tẹnu wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n pe Àpọ́sítélì David, ó ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun ló ṣe é, òun ò mọ̀. Ẹjọ́ ṣì ń lọ. Wọ́n ti yọ fídíò yẹn kúrò lórí tẹlifíṣàn. Ewúrẹ́ Dámisí padà dé Ìkòyí-Ilé, ó sì ti lóyún. Dámisí ní irúgbìn òun hù ná.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ náà, Sájẹ́ǹtì wá kí wa nílé. Ẹ́sítà wà nídìí máṣíìnì. Moyinolúwa ti inú yàrá jáde, ó ń tiro. Ó rí àlejò, ó dúró.

Ó fọwọ́ kan ògiri. Ó fi ọwọ́ kejì di àga mú. Ojú ẹ̀ rojú, ó fa ètè mọ́ra, orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀, tòsì gbọ̀n, ó kọ̀, ó tún gbọ̀n. Ẹ́sítà fẹ́ dìde, Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ sí i pé kó jókòó. Tòsì náà kanlẹ̀. Etí ìró ọmọ náà tú sílẹ̀ pátápátá.

"Ẹ káàsán, Màmá."

Sájẹ́ǹtì Rúùtù ti gíláàsì ẹ̀ sókè, ó wo ọmọ náà bó ṣe wo fídíò yẹn lọ́jọ́ kìíní, láti orí dé orúnkún.

"Bàbá Ṣògo," ló wí, "eléyìí ò nírọ́ nínú. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́."